Ta Ni Ń Ṣe Ìjọba Ní Rẹ́mọ?

Bí ọmọ ilé bá béèrè pé, "Ta ni ń ṣe ìjọba ní Rẹ́mọ láyé àtijọ́?" a máa ń yára dáhùn pé, "Ọba ni." Ìdáhùn náà kò tó. Lóòótọ́, Akárìgbò wà, Alákènnẹ́ ti Ìkẹ́nnẹ́ sì wà. Nígbà tí àwọn ìlú Rẹ́mọ sì para pọ̀ tẹ Ṣágámù dó ní 1872, àwọn ará Mákùn kò fi Èwùsì wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọba wọ̀nyí tí ó lè dá ọ̀ràn ìlú ṣe. Olórítùn ni olórí àdúgbò. Ohun tí apá rẹ̀ kò bá ká a di ti àwọn ìjòyè. Èyí tí ó bá wúwo jù lọ a di ti Òṣùgbó, níbi tí àwọn Ìwàrẹ̀fà, àgbà mẹ́fà, gbé jẹ́ olórí. A mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Òṣùgbó nínú ilé. Ọ̀ràn ìṣàkóso ni a ń sọ, kì í ṣe ti ètùtù.

Ní ilẹ̀ Ṣáínà pẹ̀lú, láti ayé àwọn ọba Sui (581–618), ilé-iṣẹ́ ìjọba mẹ́fà ni ó wà: ti yíyan ìjòyè, ti owó, ti ìlànà ìsìn, ti ogun, ti ìdájọ́ àti ti ilé kíkọ́. Ètò yìí pẹ́ títí di 1906. Ṣùgbọ́n ọba ni ó ń yan àwọn olórí wọn, òun ni wọ́n sì ń jíhìn fún. Àwọn mẹ́fà tiwa kò pín iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀ràn kan náà ni wọ́n jùmọ̀ ń dá, wọ́n sì lè wí fún ọba pé, "Kábíyèsí, èyí kò ṣeé ṣe."

Ní 1894 Akárìgbò Oyèbájò bá ìjọba Èkó ṣe àdéhùn. Ní 1914 àwọn òyìnbó fi Rẹ́mọ sábẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, kò sì pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí kùn pé owó àwọn àti ọ̀ràn oyè àwọn ń kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Akárìgbò Adédoyin, tí ó jọba ní 1916, kò dákẹ́. Ìwádìí wáyé ní 1937. Ní 1938 Rẹ́mọ gba òmìnira. Ayọ̀ náà tọ́. Síbẹ̀ a kò gbọdọ̀ ṣàì sọ èyí: Akárìgbò nìkan ni ìjọba fi ṣe aláṣẹ. Agbára tí àwọn Ìwàrẹ̀fà kì bá gbà kí ọba kan dá ní, òfin òyìnbó gbé e lé e lọ́wọ́.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni ó tún èyí ṣe. Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ di mínísítà ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1952, òfin titun dé, tí ó fi àṣẹ náà fún ìgbìmọ̀ tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí ará ìlú dìbò yàn.

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ni Rẹ́mọ ní ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí: Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Àríwá Rẹ́mọ, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìṣarà. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ káńsẹ́lọ̀ ni à ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹbí méjì bá ń du ààlà ilẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣì ń kọ́kọ́ gba ààfin lọ kí wọ́n tó dé kóòtù.