Ohùn Ìbejì Lórí Gìtá Oníná: Ìtàn Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu

Ní Daagbé, bí a bá ń ṣe ìsìnkú àgbàlagbà tàbí ìkómọjáde, ariwo ẹ̀rọ agbóhùnsókè ni yóò kọ́kọ́ júwe ilé onínàáwó fún àlejò. A ti to àga sí abẹ́ àtíbàbà, ìlù sì ti ń dún. Olórin tí a pè lè mú ènìyàn mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn: àwọn onílù, onígìtá, àwọn agberin. Gbogbo wọn ni yóò jẹun, gbogbo wọn ni yóò sì gba owó ọkọ̀. Ẹni tí ó pè wọ́n mọ bí àpò òun ṣe máa ń rí nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú.

Bí olórin náà bá wá jẹ́ ènìyàn méjì péré ńkọ́? Bí wọn kò bá ní ju ohùn ẹnu wọn àti gìtá lọ, ǹjẹ́ àwùjọ yóò dúró gbọ́ wọn? Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìtàn ni a ó fi dáhùn ìbéèrè yìí. Ìtàn náà kò sì jìnnà sí wa. Ìbàdàn àti Èkó ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní òdì kejì ẹnubodè Igolo, láàárín àwọn tí wọ́n ń sọ èdè tí àwa náà ń sọ.

Orin tí a ń pè ní rọ́ọ̀kì wà nínú ìtàn yìí, nítorí náà ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀. Amẹ́ríkà ni rọ́ọ̀kì ti gbilẹ̀, ní àwọn ọdún 1950. Orin àwọn aláwọ̀ dúdú, ọmọ-ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí ọ̀hún, ni gbòǹgbò rẹ̀. Gìtá oníná ni ó ń ṣáájú nínú rẹ̀. A ó so gìtá náà mọ́ ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn rẹ̀ di ńlá, títí yóò fi máa ké bí ẹni tí inú ń bí. Ìlù àti gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ yóò máa tẹ̀ lé e. Àgbàlagbà tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè sọ pé ariwo lásán ni. Ohun tí àwọn àgbàlagbà Amẹ́ríkà fúnra wọn sọ nìyẹn nígbà náà.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1948, a bí ìbejì obìnrin ní ìlú Jos, ní Nàìjíríà. Ẹ ti mọ orúkọ wọn kí a tó sọ ọ́: Táíwò àti Kẹ́hìndé. Lijadu ni orúkọ ìdílé wọn. Ìbàdàn ni wọ́n dàgbà sí. Ìbátan Fela Aníkúlápó-Kútì ni wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe Fela ni ó gbé wọn dé ibi tí wọ́n dé.

Iṣẹ́ agberin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bí olórin kan bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ ní Èkó, wọn a wọ inú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ lọ láti gbe orin fún un. Orúkọ ẹlòmíràn ni yóò wà lára àwo náà. Iṣẹ́ yìí kò lókìkí, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ni. Níbẹ̀ ni ènìyàn ti ń mọ bí a ṣe ń dúró níwájú ẹ̀rọ, bí a ṣe ń mí láàárín ọ̀rọ̀ méjì, àti iye wákàtí tí a ń san owó rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n ti gbé àwo tiwọn jáde.

Ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́ ohùn tuntun. Àwọn ẹgbẹ́ onígìtá bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbi gbogbo: àwọn Funkees, àwọn BLO, àwọn Ofege tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ọkùnrin ni ó kún inú gbogbo wọn. Ginger Baker, onílù rọ́ọ̀kì kan tí òkìkí rẹ̀ ti kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Èkó ní àkókò náà láti bá àwọn olórin ibẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1972, àwọn ìbejì Lijadu bá a dé ìlú Munich ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe eré ìdárayá Òlíḿpíìkì. Wọn kò tíì pé ọmọ ọdún 24 nígbà náà.

Láàárín ọdún 1976 sí 1979, wọ́n gbé àwo ńlá mẹ́rin jáde: Danger, Mother Africa, Sunshine àti Horizon Unlimited. Ẹnì kan wà tí a kò lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ náà. Biddy Wright ni orúkọ rẹ̀. Onígìtá ni, ó ń tẹ dùùrù, ó sì ń fọwọ́ kan ọ̀pọ̀ ohun èlò mìíràn. Ẹni tí ó bá ní irú alábàáṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò nílò láti kó ogún ènìyàn wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Gìtá náà ń ké ní ti rọ́ọ̀kì, ìlù ń rìn bí ìlù ilẹ̀ wa, ohùn méjì sì jókòó sí àárín wọn.

Ohùn méjì yẹn gan-an ni ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Nígbà mìíràn, wọn a sọ ọ̀rọ̀ kan náà pọ̀ bí ẹni pé ẹnu kan ṣoṣo ni ó ń sọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni ohùn wọn a pínyà, ọ̀kan a gòkè, èkejì a dúró sísàlẹ̀, wọn a sì tún padà pàdé níbi tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ẹni tí ó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní agbègbè wa yóò tètè lóye rẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ a máa jáde ní méjì-méjì. Aṣọ wọn jọra, ère orí wọn jọra, ẹsẹ̀ wọn a máa bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá nìkan jó, ijó náà lè dára, ṣùgbọ́n ojú awòran yóò máa wá èkejì.

Ọ̀rọ̀ inú orin wọn náà kò ṣàjèjì. Wọ́n kọrin ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Orin kan wà tí wọ́n pè ní Amebo, tí ó dá lórí olófòófó, irú ẹni tí kò sí àdúgbò tí kò ní tirẹ̀. Òmíràn, Cashing In, bá àwọn tí wọ́n ń kó owó ìlú jẹ wí. Ìjọba ológun ni ó wà lórí oyè ní Nàìjíríà nígbà tí wọ́n kọ èyí. Kì í ṣe gbogbo olórin ni ó ń dán irú rẹ̀ wò.

Báwo ni wọ́n ṣe wá rí àwùjọ, nígbà tí kò sí fóònù alágbèéká tàbí íntánẹ́ẹ̀tì? Àwo ni, ráádíò ni, orí ìtàgé sì ni. Ráádíò ṣe pàtàkì fún àwa tí a wà lẹ́bàá ààlà, nítorí pé ohùn tí ó ń gba inú afẹ́fẹ́ wọlé kì í dúró fi ìwé ìrìnnà han ẹnikẹ́ni ní ẹnubodè. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Jeremy Marre, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya fíìmù kan nípa orin Nàìjíríà tí ó pè ní Konkombe. Àwọn ìbejì náà wà nínú rẹ̀, lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Láti ibẹ̀ ni àwọn tí kò mọ ọ̀nà Èkó ti mọ̀ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ owó ni ibi tí ìtàn yìí ti korò. Obìnrin kò wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, bí kò ṣe lẹ́yìn olórin ọkùnrin. Àwọn wọ̀nyí dúró níwájú, wọ́n sì ń kọ orin tiwọn. Ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n sọ fún àwọn oníròyìn pé owó tí ó tọ́ sí àwọn lórí àwo àwọn kò tẹ àwọn lọ́wọ́ bí ó ti yẹ. Gbajúgbajà olórin Amẹ́ríkà kan, Nas, tilẹ̀ fi orin wọn Life's Gone Down Low ṣe ìpìlẹ̀ orin tirẹ̀. Àwùjọ lè pọ̀, kí àtẹ́wọ́ sì dún, kí olórin má sì rí owó ilé san.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Daagbé tí ẹ ní orin lẹ́nu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìpínrọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ní orílẹ̀-èdè Benin, òfin kan wà tí ó dáàbò bo ẹni tí ó dá orin sílẹ̀. Òfin 2005-30 ni, oṣù kẹrin ọdún 2006 ni a fi ọwọ́ sí i. Ohun tí ó túmọ̀ sí nìyí: orin tí o bá dá sílẹ̀ jẹ́ ohun ìní rẹ, gẹ́gẹ́ bí oko tí o bá ro. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ṣòwò níláti bá ọ sọ̀rọ̀. BUBEDRA ni orúkọ ilé iṣẹ́ ìjọba tí a dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Kí ènìyàn tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ó yẹ kí ó lè kà á. Àwa tí a kọ́ ìwé kíkà ní àgbà mọ ìdí rẹ̀.

Tọkọtaya kan wà ní Mali tí ìtàn wọn fara jọ èyí. Amadou Bagayoko àti Mariam Doumbia ni. Afọ́jú ni àwọn méjèèjì. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ afọ́jú ní Bamako ni wọ́n ti pàdé, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1980. Nígbà tí wọ́n lọ sí Côte d'Ivoire, owó tí wọn yóò fi háyà àwọn onílù kò sí. Gìtá kan àti ohùn méjì ni wọ́n gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì. Àìlówó ni ó fà á, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì náà rìn láti ọjà dé ọjà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún, àwo wọn Dimanche à Bamako sọ wọ́n di ẹni àpéwò káàkiri ayé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2010, wọ́n kọrin níbi ayẹyẹ tí ó ṣáájú ìdíje Ife Àgbáyé ní Johannesburg. Amadou kú ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 2025.

Ní ti àwọn ìbejì wa, wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí Brooklyn, ní New York. Ní ọdún 1996, Kẹ́hìndé ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó sì fi ọ̀pá ẹ̀yìn ṣèṣe gidigidi. Wọ́n pa eré tì. Táíwò kò wá ẹlòmíràn tí yóò bá a kọrin. Ó jókòó ti ẹnì kejì rẹ̀, ó ń tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ti dákẹ́ ni àwọn ọ̀dọ́ tí a kò tíì bí ní ọdún 1976 bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwo wọn kiri, tí àwọn oníṣòwò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 2019, Kẹ́hìndé kú. Ẹni ọdún 71 ni. Ní ọdún 2024, Horizon Unlimited tún jáde ní àwo tuntun, ọdún 45 lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Táíwò nìkan ni ó kù nínú àwọn méjèèjì láti gbọ́ ọ.