Ta ló ń wọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìbàràpá?

Lọ́jọ́ ọjà kan n'Ígbó-Ọrà, mo ra gàrí, mo sì fi fóònù sanwó. Owó kúrò lọ́dọ̀ mi, àmọ́ alẹ́ẹ̀tì ò wọlé sórí fóònù ìyá tó ta ọjà.

"Ìyá, mo ti san án o."

"Mo gbọ́, ọmọ mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí i."

Ó tó ogójì ìṣẹ́jú tá a fi jókòó. Bẹ́ẹ̀, igi nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dúró gbọn-in lórí fóònù àwa méjèèjì.

Igi yẹn ló ń tàn wá jẹ. Kò sọ ju bí agbára tó ń ti orí òpó bọ̀ ṣe pọ̀ tó lọ. Kò sọ iye èèyàn tó ń du òpó kan ṣoṣo, kò sì sọ bóyá ọ̀nà tó ti ìdí òpó lọ sígboro ti dí. Ẹni tó bá fẹ́ wọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáadáa á béèrè pé: nínú 100 ìpè, mélòó ló wọlé? Mélòó ló já lẹ́nu ọ̀rọ̀? Báwo ni dátà ṣe yá tó? Wákàtí mélòó ni òpó fi kú?

Àjọ NCC, tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, ní irú òṣùwọ̀n yìí. Ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n lọ̀rọ̀ wà. Ká ní wọ́n dán 1,000 ìpè wò, 900 n'Ìbàdàn, 100 ní Ìbàràpá. Bí 9 bá já n'Ìbàdàn, tí 11 já lọ́dọ̀ wa, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20. Ẹni tó bá wo àpapọ̀ nìkan á ní ìpè 2 péré ló ń já nínú 100. Irọ́ kọ́, àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa, 11 ni!

Iye kan náà sì ni ará Èrúwà àti ará Ìbàdàn ń ra dátà. Lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, tí NCC fọwọ́ sí i kí owó ìpè àti dátà fi bí ìdajì lé sí i, wọn ò yọ Ìbàràpá sílẹ̀. Ilẹ̀ Ìbàràpá yìí náà kọ́ ni, ní Láńlátẹ̀, tí wọ́n kọ́ ibùdó sátẹ́láìtì sí láwọn ọdún 1970, tí ìpè Nàìjíríà ń gbà dé òkè òkun?

Ọ̀rọ̀ yìí ju gàrí lọ. Lóru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6, oṣù Kẹfà, ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngán, wọ́n pààyàn, wọ́n dáná sunlé. Nírú òru bẹ́ẹ̀, fóònù lèèyàn fi ń ké sí aládùúgbò àti agbófinró. Ìpè tó bá já nígbà náà, ta ló máa kà á?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fúnra wa. Ẹ kọ ọjọ́, aago, àdúgbò àti ohun tí ìpè ṣe sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fẹjọ́ sun iléeṣẹ́ tẹ́ ẹ ń lò, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín. Bí wọn ò bá yanjú ẹ̀, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Kí NCC náà máa gbé àbájáde ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàràpá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má pò ó mọ́ t'Ìbàdàn.

Ìyá tó ta gàrí fún mi, ìṣojú mi ló ti fi kóńgò wọ̀n ọ́n. Kẹ́ni tó ń ta nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún wa náà gbé kóńgò tiẹ̀ wá sọ́jà.