Fíìmù Yorùbá Mẹ́rin Tí Mi Ò Lè Gbàgbé, àti Ọ̀kan Tí Mi Ò Rí Wò

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ àgùnbánirọ̀ bi mí pé, “Bọ̀dá, nínú gbogbo fíìmù Yorùbá tẹ́ ẹ ti wò, èwo lẹ fẹ́ràn jù?” Mo ní mẹ́rin ni. Ó ní ẹyọ kan lòun bèèrè. Mo ní kó jókòó.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fi ń díwọ̀n wọn. Àkọ́kọ́, mo gbọ́dọ̀ lè tún fíìmù náà wò kó má sú mi. Ìkejì, Yorùbá inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ dùn létí. Ìkẹta, ó gbọ́dọ̀ fi ìbéèrè kan sí mi lọ́kàn tí mi ò ní lè dáhùn bọ̀rọ̀. Èyí tó kàn pa mí lẹ́rìn-ín, tí mo sùn, tílẹ̀ mọ́ tí mo ti gbàgbé, kò sí níbí.

1. Ti Olúwa Nilẹ̀ (1993)

Tunde Kelani, táwọn èèyàn ń pè ní TK, ló darí ẹ̀. Kareem Adepoju, ìyẹn Bàbá Wándé, ló ṣe olóyè tó lọ́wọ́ nínú títa ilẹ̀ àwọn baba ńlá ìlú fáwọn tó fẹ́ kọ́ ilé epo síbẹ̀. Ikú wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn tó jọ ta ilẹ̀, bàbá ń sá sókè sódò. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà yẹn. Idajì àdúgbò ló wà ní pálọ̀ wa lálẹ́ ọjọ́ náà, torí àwa la ní fídíò.

Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé ta ló nilẹ̀ gan-an? Ṣé ẹni tó ń tà á ni, àbí ẹni tí wọ́n sin síbẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ọmọ onílẹ̀ fa wàhálà rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán.

2. Ó Le Kú (1997)

TK náà ni. Inú ìwé ìtàn àròsọ tí Akinwumi Isola kọ lọ́dún 1974 ló ti jáde. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ nílùú Ìbàdàn, ń wá ìyàwó, ọmọge sì pọ̀ nílẹ̀: Àṣàkẹ́, Lọlá, Sadé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rán olékú fún òde ìgbéyàwó, inú fíìmù yìí ni orúkọ aṣọ yẹn ti wá. Ìró péńpé àti bùbá ayé àtijọ́ ni, fíìmù yìí ló jí i dìde.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, mo rò pé ọgbọ́n ni Àjàní ń gbọ́n. Nígbà tí mo tún un wò lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, tí èmi náà ti fi ìyẹn-ò-yẹn pàdánù ẹnì kan, mo rí i pé kì í ṣe ọgbọ́n. Kò lè pinnu ni, àwọn ẹlòmíì ló sì ń san gbèsè ẹ̀.

3. Ṣaworoidẹ (1999)

Tí mo bá gbọ́dọ̀ mú ẹyọ kan, òun ni. Akinwumi Isola ló kọ ọ́, TK ló darí ẹ̀. Nílùú Jogbo, adé idẹ kan wà, ìlù kan sì wà tó ní ṣaworo idẹ lára. Ọba tó bá fẹ́ jẹ gbọ́dọ̀ ṣe orò tó fi ń bá ìlú mulẹ̀. Ẹni tí ò bá ṣe orò, tó wá dé adé yẹn, tí wọ́n bá lu ìlù náà, ó parí fún un. Lápité, tí Kola Oyewo ṣe, ò fẹ́ ṣe orò, torí owó ló bá lọ. Àwọn agégẹdú ń kó owó fún un, igbó ìlú ń tán lọ. Nígbà tó yá, sójà tún gbàjọba.

Ẹ wo ọdún tó jáde. Oṣù Karùn-ún ọdún 1999 ni sójà gbé ìjọba fún alágbádá. Ní yàrá wa ní Poli, àwa méjìlá la há mọ́ iwájú tẹlifíṣọ̀n kékeré kan. Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

4. Àràromire (2009)

Kunle Afolayan ló ṣe é. Òyìnbó àti Yorùbá ni wọ́n pa pọ̀ sọ níbẹ̀. Àwọn àgùnbánirọ̀ rí ère kan nínú igbó. Wọ́n ní ọdún méje ló fi ń ṣeni lóore, ọdún méje tó tẹ̀ lé e, ibi ni. Mi ò ní sọ bó ṣe parí. Ṣùgbọ́n ẹ óò bi ara yín pé: ṣé òòṣà ló ṣe é ni, àbí èèyàn?

Èyí tí mi ò rí wò

Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ní tiẹ̀, kò sí fíìmù tó tó Ọ̀run Mooru, tí Moses Olaiya, Bàbá Sàlá, gbé jáde lọ́dún 1982. Bó ṣe ń sọ ọ́ fún wa, omijé ẹ̀rín á máa dà lójú ẹ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù yẹn ló kó Bàbá Sàlá sí gbèsè. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó ni fíìmù ló ń gbé e láti ìlú kan sí òmíràn, owó ẹnu ọ̀nà ló sì máa fi san ohun tó ná. Àwọn olè ṣe ẹ̀dà ẹ̀ sínú fídíò, wọ́n ń tà á. Ta ló máa sanwó wọlé wá wo ohun tó ti wò nílé?

Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá mi, a ṣí páálí kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Mọ́kàndínlógún ni. Èèhù funfun ti bo téèpù inú wọn. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń fà á: téèpù á lẹ̀ mọ́ra, tẹ́ ẹ bá tì í bọ fídíò báyìí, ó já nìyẹn. Ẹni tó bá wa tún un ṣe rí mẹ́fà péré gbà là. A ò rí Ọ̀run Mooru nínú ẹ̀. Bóyá ó wà nínú mẹ́tàlá tó bàjẹ́, mi ò lè mọ̀ mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ èyí. Tẹ́ ẹ bá délé lópin ọ̀sẹ̀, ẹ bèèrè páálí kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn òbí yín. Ẹ má tì í bọ fídíò fúnra yín. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n nù, kó dà á sórí kọ̀ǹpútà. Àwọn fíìmù tó ṣì ń jáde náà, ẹ sanwó wò wọ́n.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wo Ṣaworoidẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó pè mí laago méjìlá òru: “Bọ̀dá, ṣé ó dá yín lójú pé 1999 ni wọ́n ṣe fíìmù yìí?”