Àgídìgbo àtijọ́: Ẹ má fi ogún bàbá dáná o!

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òwe bí òwe là ń lùlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí nǹkan ṣe ń lọ yìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé òwe náà nìkan ni yóò kù lẹ́nu àwọn ọmọ wa, tí wọn kò ní mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àgídìgbo mọ́.

Kò yẹ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ibẹ̀ ni ìlú olóògbé Haruna Ishola, gbajúgbajà olórin àpàlà tó kú lọ́dún 1983. Títí ọlọ́jọ́ fi dé, bàbá náà kò gbé gìtá òyìnbó wọ inú orin rẹ̀. Ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti àgídìgbo tó o. Olóògbé Fatai Rolling Dollar, tó kú ní 2013, gìtá ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́, àmọ́ àgídìgbo ló ń lù nígbà tó wà lọ́dọ̀ J.O. Araba láyé ọdún 1950 sí 1959.

Àgídìgbo kì í ṣe ìlù aláwọ. Àpótí pákó ni, wọ́n á dá ihò sí i lójú, wọ́n á wá de irin pẹlẹbẹ mélòó kan mọ́ ọn. Ayùn tí wọ́n fi ń gé irin, tó ti kú, wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ń lù ú á gbé e lé itan tàbí kó fi kọ́ ọrùn, á máa fi àtàǹpàkò ta irin, á sì máa fi òrùka ọwọ́ kan ara àpótí. Bí irin bá gùn, ohùn á wálẹ̀; bí wọ́n bá tì í wọlé tó kúrú, ohùn á lọ sókè.

Pákó ló ni ohùn. Èyí tí kò gbẹ dáadáa á ká, á sì là. Èyí tó ti gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi ti kúrò lára rẹ̀, á fúyẹ́, á sì máa dún kíkankíkan. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ògùn Waterside, àwọn onígẹdú ti gé ọ̀pọ̀ igi ńláńlá inú igbó, kò sì rọrùn láti rí pákó bíi tàtijọ́ mọ́.

Òyìnbó mọ iyì irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Gìtá D-45 tí ilé-iṣẹ́ Martin ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín 1933 sí 1942, 91 péré ni. Lónìí, owó ńlá ni wọ́n ń fi ra ọ̀kan. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tó jogún àgídìgbo lè sọ ọ́ sí kọ̀rọ̀ kí ikán jẹ ẹ́, tàbí kó là á fi dáná.

Ẹni tó bá ní i, kó gbé e kúrò nínú oòrùn àti ọ̀rinrin. Kó má fi ọ̀dà kùn ún, nítorí ọ̀dà lè pa ohùn pákó. Bí irin rẹ̀ bá dógùn-ún, kó rọra nù ún, kó fi epo díẹ̀ pa á.

Ní Àgọ́-Ìwòyè tí kò jìnnà, Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1982, wà níbẹ̀. Bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ibẹ̀ bá gba ohùn àwọn àgbà tó ṣì mọ̀ ọ́n lù sílẹ̀, kò ní parun. Àgbà tó mọ̀ ọ́n lù kò ní í wà títí láé, àsìkò tó yẹ kí wọ́n ṣe é nìyí.