Fíláàṣì Lójú Ọ̀sán Gangan

Ní Ojúde Ọba, ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn èèyàn a máa bi mí pé kí ni mo ń tan fíláàṣì sí nígbà tí oòrùn kan àtàrí. Ojú wọn ni mo ń tan án sí.

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n máa ń ṣe ọdún yìí. Àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gbà, ọkùnrin àti obìnrin, á da aṣọ ẹgbẹ́ bora, wọ́n á sì máa jó lọ kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú. Òkè tààrà ni oòrùn ti ń rọ̀ lu gèlè àti fìlà, òjìji wọn á sì bọ́ sínú ojú. Bí a bá wo ẹni náà, a ṣì ń rí i dáadáa, torí ojú wa lè mú ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn pọ̀. Kámẹ́rà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Léèsì funfun tún ń tàn án jẹ: á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù. Gbogbo iṣẹ́ ara léèsì á yọ kedere, àwọ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́ á wá dà bí èédú. Ó máa ń dùn mí. Ìyá àgbà tó fi owó àti ọ̀pọ̀ oṣù múra ọdún, ṣé aṣọ rẹ̀ nìkan ló yẹ kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ rí?

Mo máa ń ní kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí wọ́n má baà máa dijú. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn wọn ni mo kọ́kọ́ ń wọ̀n: ISO 100, 1/200 ìṣẹ́jú àáyá, f/11. Fíláàṣì á wá tan díẹ̀ sí ojú. Mo máa ń fi sí -1, ìyẹn ni pé ìdajì iná tí ìbá tàn ni yóò tàn, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé iná wà níbẹ̀.

N kì í sáré ju 1/200 lọ. Ìbòjú méjì ló ń tẹ̀ léra nínú kámẹ́rà, èkíní ń ṣí, èkejì ń tì. Lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, tí ó bá ti kọjá 1/250, èkejì á ti máa tì kí èkíní tó ṣí tán, apá kan fọ́tò kò sì ní rí iná fíláàṣì rárá. Àwọn fíláàṣì kan lè máa ṣẹ́jú wàràwàrà láti borí èyí, ṣùgbọ́n agbára wọn á dín kù púpọ̀. Mo sì ń sún mọ́ èèyàn: láti mítà 2 sí mítà 4, ìdá kan nínú mẹ́rin iná náà ló kù.

Láti ìgbà tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba ti gbòde kan ní 2024, ọ̀dọ̀ ẹṣin ni ayàwòrán ń rọ́ lọ. Èmi a máa pa fíláàṣì níbẹ̀. Ìró ìbọn àti ìlù ti tó ẹṣin í dà láàmú. Mo máa ń wá ibi tí ilẹ̀ ti funfun, tí oòrùn ń kọlù ú, kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sábẹ́ fìlà ẹni tó gùn ún.