Bí Ojú Irin Ṣe Pẹ́ Kó Tó Dé Ọ̀nà Àgbádárìgì

Ẹni tó bá ń ti Àgbádárìgì lọ sí Marina lónìí lè bọ́ sílẹ̀ nínú dáńfó ní Mile 2 kó sì wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Ó ti yẹ kí Èkó ní irú rẹ̀ tipẹ́.

Lateef Jákàńdè, gómìnà Èkó láti 1979, ló kọ́kọ́ dá a lé. Metroline ló pè é, Interinfra láti ilẹ̀ Faransé ló sì gba iṣẹ́ náà. Irin ni wọ́n fi ń ṣe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ irin Ajaokuta, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1979 pé kó máa rọ irin fún wa, kò tíì parí títí di òní. Nítorí náà, òkè òkun ni irin ti gbọ́dọ̀ wá, owó òkè òkun la ó sì fi san án, lásìkò tí owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀.

Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983 ni àwọn ológun gbàjọba. Wọ́n lé Ààrẹ Ṣàgàrí kúrò, Jákàńdè náà wọ àtìmọ́lé. Ní 1985, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé Metroline. Bẹ́ẹ̀, a ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ ló máa ru gbèsè rẹ̀. Owó tó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là ni Èkó pàdánù láìsí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó gbé èrò. Ó ṣì ń dùn mí.

Lábẹ́ Gómìnà Fashola, ní 2009, ilé iṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà gba iṣẹ́ ti ọ̀nà Àgbádárìgì. 2011 ni wọ́n dá fún un, kò sì bọ́ sí i. Owó wọ́n, iṣẹ́ fà, ṣùgbọ́n láti ọwọ́ Fashola dé ti Ambode, dé ti Sanwo-Olu, kò sí gómìnà tó sọ ọ́ nù. Èyí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín tàná àti tòní.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní 2023, Buhari yìí kan náà, tó ti di ààrẹ alágbádá, ló wá ṣí i. Jákàńdè ti kú ní oṣù Kejì 2021.

Kìlómítà 13 péré ló ń ṣiṣẹ́ nínú 27 tó yẹ kó dé Okokomaiko, Okokomaiko náà kò sì tíì jẹ́ Àgbádárìgì. Ẹ̀yin aláṣẹ Èkó, ìdìbò 2027 ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ẹ jọ̀ọ́, kó má fọwọ́ kan àdéhùn ojú irin yìí àfi láti parí rẹ̀.