Ìtúẹsẹ̀ àti Ìdẹ̀jánu Kẹ̀kẹ́ Eré-Ìje

Orúkọ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì fi pe ohun méjì lára kẹ̀kẹ́ eré-ìje: èyí tí ń tú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, àti èyí tí ń dẹ ìjánu. A dábàá ìtúẹsẹ̀ fún èkínní, ìdẹ̀jánu fún èkejì. Apá méjì tí ń fún rọ́bà mọ́ ríìmù ni a pè ní ẹ̀mú ìjánu, nítorí pé bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ara ẹ̀mú yìí, tàbí ara ọwọ́ ìjánu, ni ìdẹ̀jánu máa ń wà.

Táyà sábà máa ń fẹ̀ ju àlàfo àárín rọ́bà méjèèjì lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣí ìdẹ̀jánu kí ẹsẹ̀ lè jáde. Bí a bá ń to ìjánu, kí a kọ́kọ́ pa ìdẹ̀jánu dé. Kí a fa wáyà títí àlàfo rọ́bà kọ̀ọ̀kan sí ríìmù yóò fi tó mìlímítà 1 sí 2. Kí a wá fi nọ́ọ̀tì dè é pinpin. Ẹni tí ó bá tò ó nígbà tí ìdẹ̀jánu wà ní ṣíṣí kò ní rí àyè dẹ̀ ẹ́ mọ́ nígbà tí ó bá fẹ́ yọ ẹsẹ̀.

Ẹni tí ó bá dá ẹsẹ̀ padà tí ó gbàgbé ìdẹ̀jánu ní ṣíṣí, ìjánu rẹ̀ lè má mú dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé rẹ̀ fi orúkọ kan pe méjèèjì lè ti ọ̀kan, kí ó rò pé òun ti ti èkejì. Nítorí náà, kí olùtumọ̀ má ṣe da orúkọ wọn pọ̀.